Ta ló mọ aṣọ sójà tó wà lọ́rùn bàbá inú fọ́tò yìí?

Àdùnní_Ìbàdàn

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú tó ríran ju tèmi lọ ni mò ń wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí à ń palẹ̀ yàrá ìyá mi àgbà mọ́, a rí fọ́tò kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn, àdìrẹ ni wọ́n fi wé e. Bàbá tó bí wọn ló wà níbẹ̀. Fọ́tò náà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, etí rẹ̀ sì ti ń fọ́ wẹ́wẹ́. Bàbá dúró ṣánṣán. Ẹ̀wù kákí alápá kúkúrú ló wà lọ́rùn wọn, níkà wọn le gbagidi bí ẹni pé áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀, bàtà dúdú pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé abẹ́ orúnkún ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Fìlà ẹlétí gbẹ̀ǹgbẹ̀ ni wọ́n dé, etí kan ká sókè. Ìlà méjì tó rí bíi lẹ́tà V wà lápá ẹ̀wù. Lókè ìlà yẹn, lẹ́bàá èjìká, nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tí mi ò dá mọ̀. Lójú tèmi ó jọ aláǹtakùn. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà lókè àpò àyà òsì.

Ẹnì kan ti fi àlùmọ́gàjí gé apá kan fọ́tò náà kúrò. Ọwọ́ ẹlòmíì ṣì wà léjìká bàbá wa, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọwọ́ náà ti bá ibi tí wọ́n gé lọ.

Ìtàn mẹ́ta la ní nílé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kápútéènì ni bàbá nígbà ogun Hitler. Àbúrò ìyá mi ní Kamẹrúùnù ni wọ́n ti bá àwọn ará Jámánì jagun. Àgbàlagbà kan ládùúgbò wa ní ọlọ́pàá ni wọ́n, pé wọn ò ṣe sójà rí. Ìyá àgbà fúnra wọn ní ẹ̀yìn ni wọ́n pọn àwọn sí nígbà tí bàbá lọ, pé nígbà tí bàbá padà dé, àwọn sá fún un, àwọn ń ké pé àwọn ò mọ ọkùnrin yìí rí. Bọ́mà ni wọ́n ń pe ibi tí bàbá lọ.

Ìyá àgbà pé ọdún 82 lọ́dún yìí. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè bá mi ka aṣọ yìí?

Bàbá_Fọ́tò

Àdùnní ọmọ mi, mo kí ọ. Ogójì ọdún ni mo fi ya fọ́tò jẹun, nítorí náà ọ̀rọ̀ fọ́tò fúnra rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ sọ, kí àwọn tó mọ aṣọ tó dé.

Fọ́tò tó o gbé síbí yìí ti gba orí WhatsApp kọjá. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ débi tí gbogbo ohun tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á fi dàrú. Wá ibi tí skánà wà, kí o yà á ní 1,200 dpi, iwájú àti ẹ̀yìn. Má fi omi nù ún. Má lẹ sẹlotéèpù mọ́ ibi tó fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ yàrá tó ṣókùnkùn, dojú fọ́tò náà délẹ̀ lórí aṣọ tó mọ́, kí o wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀ rí, bó tiẹ̀ ti parẹ́, ojú ibi tí ẹnu pẹ́ńsùlù tẹ̀ mọ́lẹ̀ á hàn sí ọ.

Wo bọ́tìnnì ẹ̀wù bàbá pẹ̀lú. Ẹ̀wù ọkùnrin, apá òsì ló máa ń gun orí ọ̀tún. Bó bá jẹ́ ọ̀tún ló wà lókè, a jẹ́ pé ẹni tó fọ fọ́tò yẹn dojú fíìmù kọ òdì, gbogbo ohun tí a bá pè ní òsì á di ọ̀tún. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti jà sí irú rẹ̀.

Àkànní_Ọ̀yọ́

Ẹ má bínú o, àmọ́ ọlọ́pàá ni mo rí. Bàbá bàbá mi ṣe ọlọ́pàá láyé òyìnbó, kákí àti níkà ni àwọn náà wọ̀, ìlà V wà lápá tiwọn náà. A ní fọ́tò wọn nílé. Ohun tí àgbàlagbà àdúgbò yín sọ kì í ṣe irọ́.

Olùkọ́_Ìtàn

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín sì nídìí. Kákí àti níkà kò yà sójà sọ́tọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ọlọ́pàá wọ̀ ọ́, wọ́dà wọ̀ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba míì náà wọ̀ ọ́. Ìlà V kò sì yanjú ọ̀rọ̀, nítorí ọlọ́pàá àti sójà ló jọ ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo orí bàbá. Kí ni bàbá tiyín dé nínú fọ́tò yín?

Àkànní_Ọ̀yọ́

Fìlà gígùn tó dúró lórí bí ife tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, pẹ̀lú okùn dúdú tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Olùkọ́_Ìtàn

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Orí ni ká ti bẹ̀rẹ̀ tí a bá fẹ́ ka aṣọ sójà.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, West African Frontier Force, ọdún 1897 ni wọ́n ní kí Lugard bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Ọdún 1928 ni ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi “Royal” kún orúkọ rẹ̀, tó fi di RWAFF. Ẹ rántí ọdún yẹn, nítorí báàjì tí lẹ́tà R bá wà níwájú rẹ̀ kò lè ṣáájú 1928. Igi ọ̀pẹ ló wà lójú báàjì náà. Aṣọ ayẹyẹ wọn kì í ṣe ohun téèyàn máa ń gbàgbé: fìlà pupa olókùn, ẹ̀wù pupa péńpé tí kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi okùn yẹ́lò yí etí rẹ̀ ká, àti ọ̀já pupa tí wọ́n dì mọ́ ìbàdí. Lójú ogun, kákí ni. Lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ṣáájú ogun Hitler, ọ̀pọ̀ wọn kì í wọ bàtà. Wọ́n á fi aṣọ gbọọrọ wé ojúgun láti ọrùn ẹsẹ̀ dé abẹ́ orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ á sì wà lásán lórí ilẹ̀.

Nítorí náà, Àdùnní, ẹ jẹ́ ká bi fọ́tò yìí léèrè. Ogun Kamẹrúùnù bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ó parí ní 1916. Bí bàbá bá jagun níbẹ̀, fìlà pélébé tàbí fìlà pupa la máa retí lórí wọn, àti ẹsẹ̀ lásán. Fìlà ẹlétí gbẹ̀ǹgbẹ̀ àti bàtà yìí, ogun Hitler ni wọ́n bá wá. Ọjọ́ orí ìyá àgbà náà ń jẹ́rìí sí i. Ẹni tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn ní 1914 á ti lé ní 110 báyìí.

Ti Kamẹrúùnù ti kúrò níbẹ̀. Ti ọlọ́pàá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò, nítorí fìlà tí ẹ̀gbọ́n Àkànní júwe yàtọ̀ sí ti bàbá yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró de ohun tó wà léjìká yẹn.

Títí_Lọ́ńdọ́nù

Àdùnní! Ṣé aláǹtakùn lo wí? Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á.

Bàbá ìyá mi wà ní Dífíṣọ̀n 81, ọ̀wọ́ ọmọ ogun ńlá kan, 81st (West Africa) Division. Aláǹtakùn dúdú lórí ilẹ̀ yẹ́lò ni báàjì èjìká wọn, Ànáńsè inú àlọ́ àwọn ará Ghana, tí ọgbọ́n rẹ̀ máa ń ju agbára lọ. Wọ́n dojú orí rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń sọ pé wọ́n rán an sódì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ na apá yín síwájú bí ẹni tó gbé ìbọn sójú, ẹ ó rí i pé ńṣe ni aláǹtakùn náà ń rìn lọ síwájú, síbi tí ọ̀tá wà.

Àfonífojì odò Kaladan ní Arakan, ìhà ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà, ni wọ́n gbà wọ Bọ́mà, ìyẹn Myanmar òde òní, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944. Kò sí ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù la inú igbó kọjá. Gbogbo wọn kọ́ ló gbé ìbọn o. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ló ń ṣe. Ìbọn ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ní Kaladan ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará abúlé ibẹ̀ sì fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án lábẹ́ imú àwọn ará Japan. Ó padà wálé, ó sì pẹ́ láyé títí di 2012. Bí mo bá ti rántí rẹ̀ ni mo máa ń ro ti bàbá wa, tí kì í sọ nǹkan kan ju “a rìn, a rìn” lọ.

Jọ̀ọ́, gbé fọ́tò tó mọ́ síbí kíákíá.

Àdùnní_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá_Fọ́tò, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló bá mi fi skánà yà á. Bọ́tìnnì dára, òsì ló wà lókè. Ẹ wo èjìká náà bó ṣe tóbi báyìí.

Mi ò rí ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Mo kà á títí. Ìlà gígùn méjì ni mo rí, wọ́n kọjá lórí ara wọn bíi lẹ́tà X, ẹnu wọn ṣóńṣó lókè. Nǹkan roboto kan wà láàárín, bí òrùka tó nípọn, ìlà méjèèjì sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn mọ́lẹ̀, ó rí bí asà. Àǹtí Títí, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé inú yín ti dùn sí aláǹtakùn yẹn.

Títí_Lọ́ńdọ́nù

Kí lo ń tọrọ àforíjì fún? Inú mi ṣì dùn. Kì í ṣe Dífíṣọ̀n 81, ó ti hàn. Olùkọ́, ẹ̀yin lẹ mọ èyí.

Olùkọ́_Ìtàn

Mo ti dìde lórí àga níbí.

Dífíṣọ̀n 82 nìyẹn. 82nd (West Africa) Division. Ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn lórí asà yẹ́lò. Ohun roboto tí ẹ rí láàárín, òṣùká ni. Òṣùká tí aláàárù ń fi sórí kó tó gbẹ́rù. Àwọn tó ṣe báàjì yẹn fẹ́ sọ pé ọwọ́ àwọn tó ń ru ẹrù ni agbára ọmọ ogun yìí wà, pé bí kò bá sí òṣùká, ọ̀kọ̀ kò ní débi ogun.

Ọdún 1943 ni wọ́n kó Dífíṣọ̀n 82 jọ níbí ní Nàìjíríà, láti inú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà àti ti Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà ní 1944. Ní ìparí ọdún yẹn wọ́n wà ní ìhà Buthidaung ní Arakan, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gun òkè kọjá sí Kaladan, tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Dífíṣọ̀n 81 ní oṣù Kìíní 1945, wọ́n sì ń jà lọ sí ìsàlẹ̀. Japan túúbá ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí ọkọ̀ padà wálé títí di 1946. Àdùnní, ẹ ka ọdún ìyá àgbà yín mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1943, ẹ̀yìn ló wà nígbà tí ọkọ̀ gbéra. Ní 1946 ó ti pé ọdún mẹ́ta, ó sì ti tó sá fún ọkùnrin tí kò mọ̀.

Àdùnní_Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa láàárọ̀ yìí.

Mo mú fóònù lọ bá ìyá àgbà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ èjìká bàbá náà títí ó fi kún ojú fóònù. Mi ò tíì sọ ohun tí Olùkọ́ wí. Mo kàn ní, “Ìyá, kí lẹ rí níbí?” Wọ́n gbé fóònù jìnnà sí ojú, wọ́n tún gbé e sún mọ́ ọn. Wọ́n fi ìka yí òrùka yẹn ká lójú fóònù, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, “Òṣùká ni. Òṣùká bàbá mi nìyí.”

Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń dàgbà, bí àwọn bá ti ń ṣẹ́ òṣùká láti lọ ponmi, bàbá á pe àwọn, á ní, “Ṣé o mọ̀ pé òyìnbó fi òṣùká sí mi léjìká?” Àwọn á rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní 70 ọdún tí wọ́n ti ń rò pé eré ni bàbá ń bá àwọn ṣe. Wọ́n bú sẹ́kún. Mo bá wọn sun ún. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín.

Bàbá_Fọ́tò

Mo kà á fún ìyàwó mi. Òun náà sunkún.

Àkànní_Ọ̀yọ́

Mo jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá pátápátá. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ kí ìyá àgbà fún mi.

Àdùnní_Ìbàdàn

Wọ́n ní kí n kí yín, ẹ̀gbọ́n.

Ìbéèrè tó kù wúwo díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti rí ọ̀rọ̀ òṣùká, inú wọn dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì di kápútéènì mú. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú ẹbí ní ìgbà méjì. Kí ni ìlà méjì yẹn?

Olùkọ́_Ìtàn

Kọ́púrà ni ìlà méjì. Ìlà kan ni lance corporal, mẹ́ta ni sájẹ́ǹtì. Kápútéènì kì í ní ìlà V lápá rárá, ìràwọ̀ ló máa ń wà ní góńgó èjìká rẹ̀, mẹ́ta lọ́nà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, kí ó má baà dà bí ẹni pé a ń já bàbá wálẹ̀. Títí ogun yẹn fi parí, òyìnbó kò fi ọmọ Nàìjíríà kankan jẹ ọ̀gá oníràwọ̀. Ọdún 1948 ni Ugboma di àkọ́kọ́. Bassey, Ironsi àti Ademulegun, ọmọ Oǹdó, tẹ̀ lé e ní 1949. Ní 1945, bí ọkùnrin kan tiẹ̀ gbọ́n ju gbogbo òyìnbó tó wà ní Arakan lọ, ibi tí ìjọba ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn. Kọ́púrà ló ń kó àwọn ọmọ ogun díẹ̀ lẹ́yìn wọ igbó, tó mọ orúkọ wọn, tó ń kà wọ́n láàárọ̀, tó ń kà wọ́n nírọ̀lẹ́. Ẹ kọ kọ́púrà sínú ìwé yín. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ọmọ_Bárékè

Mi ò mọ nǹkan kan nípa aṣọ, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́.

Létí Letmauk Barracks ní Mókọ́lá, Ìbàdàn, ni mo ti dàgbà. Gbogbo ìgbà èwe mi, èdè ibòmíì ní Nàìjíríà ni mo rò pé Letmauk ń jẹ́. Ẹnì kan ò sọ fún wa nílé ìwé. Mo ti wá a lórí àwòrán ilẹ̀ báyìí, ìlú ní Bọ́mà ni, ní Arakan, ọ̀nà ibi tí Dífíṣọ̀n 82 gbà jà lọ ní 1945. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó kù. Arakan Barracks ní Àpápá. Dodan Barracks ní Ìkòyí. Dalet ní Kàdúná. Gbogbo wọn, Bọ́mà! Marda tó wà ní Yábàá, ọ̀nà àárín òkè ní Ethiopia ni, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti lé àwọn ará Ítálì ní oṣù Kẹta 1941. Mogadishu tó wà ní Àbújá, orúkọ olú-ìlú Somalia ni, àwọn sójà Nàìjíríà kan náà ló gba ìlú náà ní oṣù tó ṣáájú rẹ̀.

Àwa tí a ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọ̀nyí lójoojúmọ́, orúkọ ibi tí bàbá àwọn èèyàn ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni à ń pè fún kọ̀ńdọ́.

Títí_Lọ́ńdọ́nù

Ọmọ_Bárékè, o ṣé gan-an. Mi ò mọ ti Dalet.

Àdùnní, kí la rí nínú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè àpò yẹn? Rìbọ́ọ̀nù àmì-ẹ̀yẹ ni. Iye ẹyọ wo ló jẹ́?

Àdùnní_Ìbàdàn

Mo rò pé ẹyọ kan ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú èyí tí mo fi skánà yà, méjì ló fara kan ara wọn. Àkọ́kọ́ pín sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba lápá méjèèjì. Ìkejì dọ́gba: ọ̀kan fẹ̀ láàárín, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́_Ìtàn

Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Àkọ́kọ́ ni 1939–45 Star: búlúù dúdú, pupa, búlúù tó mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí apá méjèèjì kò fi bára mu. Ìkejì ni Burma Star: pupa fẹ̀ láàárín, búlúù dúdú wà lápá méjèèjì, ìlà aláwọ̀ ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì la àárín búlúù kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kárùn-ún 1945 ni wọ́n dá Burma Star sílẹ̀. Fọ́tò yìí kò lè ṣáájú ìgbà yẹn.

Bàbá_Fọ́tò

Mo ti fẹ rìbọ́ọ̀nù náà wò. Ẹ má jẹ́ kí dúdú àti funfun tàn yín níbẹ̀ o. Àwọn fíìmù ìgbà yẹn kan wà tí kì í rí àwọ̀ pupa, ó máa ń jáde bí èédú, búlúù á sì mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti èyí, àárín rìbọ́ọ̀nù kejì dúdú gan-an, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí pupa ṣe ń ṣe nìyẹn nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Olùkọ́ dúró.

Inú ilé fọ́tò ni wọ́n ti yà á pẹ̀lú. Òpó àti àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn bàbá, aṣọ tí wọ́n kùn ni, ibi tó ti ká wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n ti fọ aṣọ, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n múra wá ni. Kí lo rí lẹ́yìn fọ́tò?

Àdùnní_Ìbàdàn

Mo pa iná yàrá, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹ ṣe wí, bàbá. Ojú pẹ́ńsùlù hàn! Lẹ́tà N àti A, ìlà wínníwínní kan, lẹ́yìn náà nọ́ńbà márùn-ún. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Il”, ibi tí wọ́n gé ló sì jẹ ìyókù.

Olùkọ́_Ìtàn

NA ni àmì tí wọ́n fi ń ṣáájú nọ́ńbà sójà Nàìjíríà, GC ni ti Gold Coast. Nọ́ńbà sójà ni ẹ rí yẹn. Ẹ má kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ mú un lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ béèrè fáìlì àwọn tó padà bọ̀ láti ogun ní àgbègbè yín. Orúkọ nìkan máa ń dàrú, nítorí bí òyìnbó bá ṣe gbọ́ ọ ló ṣe ń kọ ọ́. Nọ́ńbà kì í yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ìyá àgbà yín: ṣé nọ́ńbà bàbá yín ni, àbí ti ẹni tí wọ́n gé kúrò?

Àdùnní_Ìbàdàn

Mi ò bá má ronú kan ìyẹn láéláé.

Mo ti bi wọ́n. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní bàbá ní ọ̀rẹ́ kan ní Bọ́mà tó jẹ́ ará Ìlọrin, orúkọ tí bàbá ń pè é náà nìyẹn, “Ará Ìlọrin”. Wọ́n jọ ya fọ́tò nígbà tí ogun ti parí, tí wọ́n ń retí ọkọ̀. Àìsàn ló pa á kí ọkọ̀ tó dé. Nígbà tí bàbá délé, wọ́n ní àwọn ará ilé ọ̀rẹ́ náà kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Bàbá fi àlùmọ́gàjí gé fọ́tò náà sí méjì, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìlọrin, wọ́n sì kó ìdajì fún ìyá rẹ̀. Wọn kò gé ọwọ́ kúrò léjìká ara wọn.

Títí_Lọ́ńdọ́nù

Háà, Àdùnní.

Olùkọ́_Ìtàn

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé wá. Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń bójú tó ibojì àwọn sójà tó jà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní àkọsílẹ̀ àwọn sójà tó kú títí di ìparí ọdún 1947, ìbáà jẹ́ àìsàn ló pa wọ́n, orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ni àkọsílẹ̀ náà wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan Nigeria Regiment, ẹ fi ọjọ́ ikú sí àárín oṣù Kárùn-ún 1945 sí ìparí 1946, kí ẹ wá “Ilorin” nínú àlàyé, nítorí wọ́n máa ń kọ ìlú ọ̀pọ̀ nínú wọn sí i. Ẹ wo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn fọ́tò yín. Bó bá bára mu, ẹ ti rí orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà náà jẹ́ ti bàbá yín.

Àdùnní_Ìbàdàn

Alẹ́ yìí ni màá bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí ná, ẹ̀yin ará Ìlọrin tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú àpótí àwọn ìyá yín. Ìdajì fọ́tò sójà ni, dúdú àti funfun, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Etí tí wọ́n gé wà lápá òsì ẹni tó ń wò ó, kò gún régé, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, nítorí àlùmọ́gàjí bàbá yà síbẹ̀. Òpó tí wọ́n kùn sára aṣọ máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Sójà inú rẹ̀ kò ní ọwọ́ ọ̀tún láti ìgúnpá. Ọ̀dọ̀ wa ni ọwọ́ náà wà. Òrùka kan wà ní ìka kejì.